Ìṣètò Ìrírí Olùlò nínú Sọ́fúwià Ìpàdé Orí Fídíò

Ìṣètò ìrírí olùlò nínú sọ́fúwià ìpàdé orí fídíò ni iṣẹ́ tó ń pinnu ohun tí ẹni tó wà nípàdé yóò rí, ohun tí yóò gbọ́, ibi tí yóò tẹ̀, àti ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ń dé etí àwọn yòókù. Ti ìkẹyìn yìí ló wúwo jù. Bí èèyàn mẹ́wàá bá jókòó sínú yàrá kan, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí fídíò, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: ti ẹnì kan ń gé, ti ẹlòmíràn dúró sójú kan, ẹnì kẹta kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì sí èyí tó lè wo ojú ẹ̀rọ ẹnì kejì rẹ̀ kó fi mọ̀. Inú àìmọ̀ yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà ìpàdé orí fídíò ti ń wá.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Jámánì fi tẹlifóònù tó ń gbé àwòrán so Berlin pọ̀ mọ́ Leipzig. Ilé-ìfìwéránṣẹ́ ni ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti lọ. Ní Amẹ́ríkà, AT&T ṣe àfihàn tẹlifóònù alàwòrán tí wọ́n pè ní Picturephone níbi Àfihàn Àgbáyé tó wáyé ní New York ní 1964, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn oníbàárà ní Pittsburgh ní 1970, ní $160 lóṣù fún ìpè 30 ìṣẹ́jú. Ọjà náà kò tà. Owó rẹ̀ ga, ẹni tó bá sì rà á kì í rí ẹni púpọ̀ pè, nítorí àwọn tó ní irú rẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀, nǹkan kan wà lára ẹ̀rọ yẹn tí ó yẹ kí àwọn olùṣètò sọ́fúwià òde òní padà lọ wò: bọ́tìnì kan wà tí olùlò lè tẹ̀ kí ó fi rí ara rẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nìkan ni yóò máa wò.

Ní Yunifásítì Cornell, sọ́fúwià CU-SeeMe jáde ní 1992 fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Skype dé ní 2003 pẹ̀lú ohùn nìkan, fídíò tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Eric Yuan, tó ti ṣiṣẹ́ lórí sọ́fúwià ìpàdé WebEx, dá Zoom sílẹ̀ ní 2011. Ní oṣù Kejìlá 2019, iye ìwọlé sí ìpàdé Zoom lóòjọ́ tó mílíọ̀nù 10. Nígbà tí àrùn Kòrónà fi lé gbogbo ayé sínú ilé, ó ti di mílíọ̀nù 300 ní oṣù Kẹrin 2020, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá wọ ìpàdé méjì lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á. Lára ohun tó gbé Zoom ga nígbà náà ni pé ẹni tí wọ́n bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí lè tẹ̀ ẹ́ kó sì wọlé, láìkọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Orúkọ fídíò ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ohùn ló gbé ìpàdé dúró. Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 lórí èdè mẹ́wàá láti apá ibi gbogbo láyé fi hàn pé, nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ojú-kojú, àlàfo tó sábà máa ń wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn kò ju nǹkan bí ìdá 200 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Àjọ ITU, tó ń ṣe ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ fún àgbáyé, dámọ̀ràn pé kí ìfàsẹ́yìn ohùn láti ẹnu dé etí má ju ìdá 150 lọ, kó má sì kọjá 400 rárá. Bí ìfàsẹ́yìn bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí gbogbo ẹni tó ti ṣe ìpàdé orí fídíò mọ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀: èèyàn méjì á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì á dákẹ́ fún ara wọn, wọn á tún jọ bẹ̀rẹ̀. Katrin Schoenenberg àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣàkíyèsí nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 pé ẹ̀bi ìfàsẹ́yìn kì í lọ sórí ẹ̀rọ; ọmọnìkejì ni olùlò ń rò pé kò fọkàn sí ọ̀rọ̀ tàbí pé ara rẹ̀ kò yá mọ́ni. Níbi ìpàdé ẹbí Yorùbá, tí àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀ràn yìí tún le sí i, nítorí ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá já lu ti àgbà, aláfojúdi ni wọn yóò pè é. Bọ́tìnì ìnawọ́sókè àti ìlà àwọ̀ tó ń yí fèrèsé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ká wà láti dín èyí kù. Wọ́n ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n alága tó mọ ìpàdé í darí ṣì ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ohùn ló gbé ìpàdé dúró, àwòrán ló yẹ kí sọ́fúwià kọ́kọ́ jọ̀wọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Fídíò tó ń lọ ní 600 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì ń bọ̀ ní iye kan náà, yóò jẹ nǹkan bí 540 mẹ́gábáìtì dátà ní wákàtí kan. Ohùn nìkan, ní 80 kílóbíìtì lọ́nà kọ̀ọ̀kan, kò ní ju bíi 72 mẹ́gábáìtì lọ. Fún ẹni tó ń ra dátà fóònù ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àṣàyàn ohùn nìkan yẹ kó wà lójú táyé, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè dé e, dípò kí wọ́n tì í sẹ́yìn àwọn bọ́tìnì mìíràn.

Bọ́tìnì máìkì yẹ fún àyẹ̀wò fínnífínní. Nínú Zoom tẹ́lẹ̀, bí máìkì bá ṣí sílẹ̀, àwòrán máìkì lásán ló máa ń wà lórí bọ́tìnì náà, "Mute" á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa á, ìlà pupa á gba orí àwòrán náà kọjá, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á di "Unmute". Àwòrán ń sọ ipò tí máìkì wà. Ọ̀rọ̀ ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ti mọ́ lára kì í tilẹ̀ fura, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì tún máa béèrè bóyá wọ́n ń gbọ́ òun. Ohun méjì ti tún ọ̀ràn yìí ṣe díẹ̀. Ọ̀kan ni pé olùlò lè di bọ́tìnì àlàfo orí kíbọ́ọ̀dù mú kí ó fi sọ̀rọ̀, tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ máìkì á tún pa. Èkejì ni ìkìlọ̀ tó ń yọ sójú ẹ̀rọ nígbà tí sọ́fúwià bá gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nígbà tí máìkì rẹ̀ pa.

Ọ̀rọ̀ ojú náà kò rọrùn. Òkè ojú ẹ̀rọ ni kámẹ́rà wà, ojú ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wo ojú ọmọnìkejì kò wo kámẹ́rà. Milton Chen, nígbà tó wà ní Yunifásítì Stanford, fi hàn ní 2002 pé ènìyàn kì í tètè fura bí ojú ẹni tó ń wò ó bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ni yóò mọ̀ bí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí fèrèsé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà lókè, lábẹ́ kámẹ́rà gan-an.

Ní Stanford kan náà, Jeremy Bailenson to ohun mẹ́rin tó ń fa àárẹ̀ ìpàdé orí fídíò jọ ní 2021: ojú tó pọ̀ tó sì súnmọ́ni jù, wàhálà fífi ara sọ̀rọ̀ nínú fèrèsé kékeré, ìjókòó sójú kan, àti wíwo ara ẹni láìdáwọ́ dúró bí ẹni tó ń rìn pẹ̀lú dígí níwájú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín èèyàn tó lé ní 10,000, 13.8% àwọn obìnrin ló sọ pé ó rẹ àwọn gidi gan-an lẹ́yìn ìpàdé, tí ti ọkùnrin sì jẹ́ 5.5%. Wíwo ara ẹni wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ sọ́fúwià ti gbà kí olùlò lè fi fèrèsé tirẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n fífi hàn ni wọ́n ṣì fi ṣe ìpìlẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló tọ́.

Àwọn tó ń yí ètò ìpìlẹ̀ padà kì í pọ̀. Nígbà tí àwọn àjèjì ń já wọ kíláàsì àti ìsìn orí Zoom ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ọ̀rọ̀ aṣínà àti yàrá ìdúródè ti wà nínú sọ́fúwià náà. Fún ọ̀pọ̀ olùlò, wọn kàn jẹ́ ohun tí wọ́n ní láti fọwọ́ ara wọn tàn ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún náà ni Zoom sọ wọ́n di ohun tó ń wà ní títàn fúnra rẹ̀. Ìṣòro mìíràn tún yọjú ní oṣù Kẹsàn-án: òṣìṣẹ́ yunifásítì kan ní Kánádà fi àwòrán síta tó fi hàn pé àyíká àtọwọ́dá tí Zoom ń fi sẹ́yìn olùlò ń pa orí akẹgbẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ dúdú rẹ́. Ẹ̀rọ tí kò mọ ojú dúdú yàtọ̀ sí ara ògiri kò tíì yẹ ní ohun tí wọ́n ń gbé síta.

Àwọn adití náà jìyà ìṣètò tó ń fi ohùn mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kì í pariwo, nítorí náà fèrèsé rẹ̀ kì í tóbi. Ti ògbufọ̀ tó ń sọ ọ́ jáde ni sọ́fúwià ń gbé síwájú. Kíkan fèrèsé mọ́ ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń yanjú rẹ̀, kí Zoom tó ṣe àyè ọ̀tọ̀ fún ògbufọ̀ èdè ọwọ́ ní 2022. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, FCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí òfin tó ní kí sọ́fúwià ìpàdé orí fídíò pèsè àkọlé ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀rọ, kó sì gba ògbufọ̀ èdè ọwọ́ láàyè.