ỌJÀ, ÀMÌ RẸ̀ ÀTI ÒṢÙWỌ̀N ÒTÍTỌ́

Àwa tí a ń gbé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko kò lè ṣe kí a má dé ọjà. Ǹjẹ́ a ti bi ara wa rí pé kí ni ó ń mú kí ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí fọkàn tán ara wọn nídìí ọjà?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àgbélébùú òkúta ni wọ́n ń gbé ró sí àárín ọjà. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde òfin fún ará ìlú. Ó sì ń rán ọlọ́jà létí pé Ọlọ́run ń wo òun. Èyí tí bíṣọ́ọ̀bù Edward Story kọ́ sí ìlú Chichester ní nǹkan bí ọdún 1501 ní òrùlé, kí àwọn tálákà lè rí ibi pàtẹ sí láìsan owó ọjà.

Ní ìgbà kan náà, Muhammad Rumfa jọba ní Kánò láti 1463 títí di 1499. Òun ni a mọ̀ pé ó dá ọjà Kurmi sílẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà, kí ojú ọba lè tó o. Ní àwọn ìlú Mùsùlùmí, ẹni tí wọ́n ń pè ní muhtasib ni ó ń yẹ òṣùwọ̀n àti ìwọ̀n wò.

Ṣùgbọ́n Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a) ti fi ọ̀nà hàn ṣáájú gbogbo wọn. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá a pé abẹ́ rẹ̀ tutù. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì ní kí ló dé tí kò kó èyí tí ó tutù sókè, kí ojú oníbàárà lè rí i? Ó sì kìlọ̀ pé arẹ́nijẹ kì í ṣe ara wa. Súrà kan odidi, Al-Mutaffifin, ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù.

Kí ni ti wa lónìí? Ẹni tí ó lu ìdí kóńgò wọnú, tí ó tún ṣe Bismillahi kí ó tó wọn ìrẹsì, ta ni ó ń tàn? Òkúta kò lè sọ ọlọ́jà di olóòótọ́, ààfin pàápàá kò lè rí abẹ́ òkìtì. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run nìkan ni ó ń bá ènìyàn dé ìdí igbá.

Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a ru gbèsè òṣùwọ̀n délé. Àmín.