Abẹ́rẹ́ Pupa: Bí Jẹjẹrẹ àti Àrùn Ọkàn Ṣe Tan Mọ́ra

 Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ tó wú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni ẹsẹ̀ náà. Màmá Òkìtìpupa la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn parí, irun orí wọn ti ń hù padà, a sì ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú. Bí wọ́n bá rìn dé ẹnu ọ̀nà lásán, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹnì kan nínú ẹbí ní àṣàsí ni. Màmá fúnra wọn pè mí lórí fóònù: "Ọmọ mi, ṣé jẹjẹrẹ yẹn ló sọ̀ kalẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀?"

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọkàn wọn ni kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ yí ara ká, ni omi bá ń dúró sí ẹsẹ̀. Ohun tí dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò kọ́kọ́ béèrè ni pé: "Màmá, ṣé wọ́n fún yín ní abẹ́rẹ́ pupa?" Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí ìtàn yìí.

Òkìtìpupa, orúkọ ilẹ̀ pupa ni. Inú ilẹ̀ ni abẹ́rẹ́ pupa náà ti wá, àmọ́ ilẹ̀ Ítálì ni. Ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Farmitalia ń bu yẹ̀pẹ̀ káàkiri, wọ́n ń wá kòkòrò àìfojúrí tó lè mú oògùn jáde. Nínú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù nítòsí Castel del Monte, ilé olódi àtijọ́ kan ní gúúsù Ítálì, wọ́n rí ọ̀kan tó ń pọn bí ẹ̀jẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn daunorubicin, tó ń bá jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1970 tó dé, àwọn dókítà ti rí i pé ó ń pa ọkàn àwọn kan lára. Wọ́n yí kòkòrò náà padà díẹ̀, wọ́n sì rí àbúrò oògùn náà, doxorubicin. Orúkọ òkun Adriatic ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Adriamycin. Àbúrò yìí ṣiṣẹ́ fún jẹjẹrẹ ọyàn àti ọ̀pọ̀ mìíràn, àmọ́ ìwà ẹ̀gbọ́n kò kúrò lára rẹ̀.

Ní 1979, Daniel Von Hoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn 3,941 tó gba doxorubicin wò. Oògùn náà dá ọkàn àwọn 88 lágara. Bí àpapọ̀ ohun tí èèyàn gbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń ṣírò rẹ̀ láti abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn.

Ẹ má torí èyí sá fún abẹ́rẹ́ o. Ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là, ó sì wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó wọ́n nílé ìwòsàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń ru ẹrù mìíràn tẹ́lẹ̀ ni ewu náà pọ̀ fún jù.

Ẹrù tí Màmá ń rù ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní in. Nígbà tí jẹjẹrẹ dé, wọ́n pa oògùn rẹ̀ tì. Wọ́n ní àìsàn ńlá ti dé, ta ni yóò máa rántí kékeré? Kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí gbogboogbò tó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.33 ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 15 ló ní in.

Àìsàn méjèèjì tún máa ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Ní 1951, Richard Doll àti Austin Bradford Hill kọ̀wé sí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa sìgá mímu, nǹkan bí 40,000 sì fèsì. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń wá. Nígbà tó fi di 1956, ó ti hàn pé sìgá ń pààyàn láti ọ̀nà ọkàn pẹ̀lú.

Ọtí ńkọ́? Ní 1915, Camille Lian kọ̀wé pé ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun Faransé tó ń mu wáìnì gan-an. Ní 1988, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fi ọtí sára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láti sọ ní Ìkálẹ̀. Ìjọba amúnisìn fòfin de ògógóró wa, síbẹ̀ owó ògùrọ̀ àti ògógóró ló rán àwọn àgbà ẹbí wa nílé ìwé. Mi ò bú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ife kan náà lè ṣílẹ̀kùn fún àìsàn méjì.

Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù gbé ìlànà jáde: kí wọ́n yẹ ọkàn wò ṣáájú ìtọ́jú jẹjẹrẹ, nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá ń gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ẹ sọ gbogbo oògùn tó ń lò fún dókítà. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un máa ń dé ọkàn. Bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí èémí bá ń há, ẹ tètè padà lọ.

Màmá wà láyé. Wọ́n ń lo oògùn ọkàn àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru pa pọ̀, ẹsẹ̀ sì ti fọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi mí bóyá èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ti lọ wọn tèmi. Mi ò tíì lọ nígbà yẹn. Mo ti lọ báyìí.