Awò Ojú Màmá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará England máa ń sọ nípa òbí wọn tó ti ọsibítù dé: pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò jọ ẹni tí àwọn mọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ta sí dókítà kan létí ní Oxford, P. D. Bedford. Àwọn mìíràn ìbá ní arúgbó ń ṣarán ni. Òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ọ̀rọ̀ àwọn 1,193 tó ti lé ní ọdún 50 wò, tí a ti fi oògùn oorun ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1955. Oògùn oorun ló di ẹ̀bi náà rù. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan arúgbó, àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá mi nílé. Màmá mi ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí kán. Bí wọ́n ti fẹ́ gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀ fún mi, mo sọ ọ́ sápò kí olè má baà gbé e. Ní ọjọ́ kejì, màmá ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ó fẹ́ dìde kúnlẹ̀ kí mi, òun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to egungun rẹ̀! Àbúrò mi ní ayé ló ń ṣe é.

Ní 1998, àwọn dókítà ilẹ̀ mẹ́jọ dán ọpọlọ àwọn 1,218 wò, àgbà ẹni ọdún 60 sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, iyè bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ti rà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ku bí ìdá 10. Ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ jù àti afẹ́fẹ́ tí kò tó ni gbogbo èèyàn ń fura sí. Wọ́n wọn méjèèjì, kò sí èyí tó jẹ̀bi.

Ohun tó mú mi lójú jù ni ti Boston ní 2001. Àwọn 126 tí ìbàdí wọn kán ni. Dókítà àgbàlagbà ń bẹ àwọn kan wò lójoojúmọ́: ṣé wọ́n mu omi tó? Ṣé ìrora ń dín kù? Oògùn wo la lè dá dúró? Ṣé wọ́n ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì? Awò ojú wọn dà? Nínú àwọn wọ̀nyí, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ni orí wọn dàrú. Nínú àwọn yòókù, ìdá 50. Mo tún ọ̀rọ̀ awò yẹn kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ mẹ́rin ni awò màmá fi wà lápò mi. N kò ní í sọ pé òun nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi í sí i lójú ní ọjọ́ karùn-ún, ó wò mí títí, ó ní, “Àbí ìwọ kọ́ nìyí? Ta ló wà ní ìsọ̀ mi?”