Iná Ọ́ìlì Kọ́ńdẹ̀mù àti Ìkòkò Ìyọ́rin ní Lomé

Iná ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù ni iná ìléru kékeré tí àwọn tí ń yọ́ irin nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa ń fi ọ́ìlì tí a fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì dá. Ìkòkò ìyọ́rin sì ni ohun èlò tí ń gbé irin náà sínú iná títí yóò fi di omi. Ní Lomé, olú-ìlú Tógò, tí àwọn alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zémidjan kún ojú títì, tí mọ́tò àlòkù sì ń gba èbúté wọlé láti òkèèrè, ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Àwọn tí ń da ìkòkò alumíníọ̀mù nínú iyanrìn kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣàjèjì sí ará ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èédú ni wọ́n sábà máa ń fi dáná.

Iṣẹ́ yìí ní ìran. Ní ilẹ̀ Bassar, ní àríwá Tógò, wọ́n ti ń yọ́ irin kí a tó bí Jésù, wọ́n sì wá ń lo ìléru amọ̀ gíga tí ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú fúnra rẹ̀ láìlo ẹwìrì, títí irin òyìnbó fi gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n wà ní Atakpamé ní Tógò, tí wọ́n ń pe Ilé-Ifẹ̀ ní orírun wọn, àti àwọn Ànàgó tí àdúgbò Anagokomé ní Lomé ń jẹ́ orúkọ wọn, lè fi ọwọ́ sọ̀yà nítorí àwọn asúdẹ àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n da ìbòjú Ọbalùfọ̀n ọba Ifẹ̀, ìbòjú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, bẹ́ẹ̀ bàbà kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó ìwọ̀n 1,085 Celsius. Ọmọ Ògún Lákáayé kì í sì í fi ohun àlòkù ṣòfò: ní 2013, ní WoeLab, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Lomé, Kodjo Afate Gnikou kó àwókù kọ̀ǹpútà jọ, ó fi ṣe ẹ̀rọ 3D tí ń tẹ ohun gidi jáde, tí wọ́n pè ní W.Afate.

Àgbá irin tàbí sìlíńdà gáàsì àtijọ́ ni a fi ń ṣe ara ìléru. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gé sìlíńdà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú gáàsì inú rẹ̀ dànù pátápátá, kí ó sì rọ omi kún un kí ayùn tó kàn án. Amọ̀ tí ó lè fara da iná ni a ń rẹ́ sí i nínú, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀pá ńlá kan, tí fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ni yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kì í ṣe ní ìdojúkọ ìkòkò bí kò ṣe ní ẹ̀bá ògiri, kí iná lè yí ìkòkò náà po bí ọ̀já ṣe ń yí ọmọ po. Inú ọ̀pá yìí ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń kán ọ́ìlì sí. Ọ́ìlì tútù kì í tètè gbaná. Nítorí náà èédú tàbí igi ni a kọ́kọ́ ń dá títí ògiri ìléru yóò fi pọ́n, lẹ́yìn náà ni a ó tú ọ́ìlì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí èéfín dúdú bá ń rú, ọ́ìlì ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ẹ má fi kún un, ẹ dín in kù. Afẹ́fẹ́ ni olórí iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ ọ ni kò sì tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Alumíníọ̀mù a máa yọ́ ní ìwọ̀n 660 Celsius, nítorí náà páìpù irin nípọn tí wẹ́dà jó ìdí mọ́ lè ṣe ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù tí ó ti yọ́ a máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀, èyí ni a fi ń po ẹfun kùn ún nínú, tí a sì ń yẹ ìdí rẹ̀ wò kí a tó tún un lò. Ti idẹ àti bàbà yàtọ̀: ìkòkò amọ̀ tí a pò mọ́ graphite ni ó yẹ wọn, a sì gbọ́dọ̀ fi iná jẹ́jẹ́ lé ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde kí ó tó wọ iná gidi. Ẹmú tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ bá ikùn ìkòkò mu gẹ́lẹ́, kí ó dì í mú lábẹ́ ikùn, kì í ṣe ní ètè; òrùka olọ́wọ́ gígùn sì ni a fi ń dà á. Kí ọwọ́ mọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tútù, kí iná tó dé.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Omi díẹ̀ tí ó bá bọ́ sábẹ́ irin yíyọ́ yóò di oru tí ó fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700, yóò sì fọ́n irin náà ká. Ìdí nìyí tí a kì í fi í ju irin tútù tí ó lọ́rinrin sínú ìkòkò. A sì ń jẹ́ kí ọ́ìlì sinmi kí omi inú rẹ̀ lè rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Èéfín funfun tí idẹ ń tú nígbà tí ó bá gbóná jù a máa fa ibà. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù fúnra rẹ̀ wà nínú ìdọ̀tí eléwu tí Àdéhùn Basel ti 1989 kà sílẹ̀, nítorí náà ìta gbangba, jìnnà sí kànga àti ọmọdé, ni ààyè rẹ̀.

Ọ̀ràn kan ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn jù: ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé òjé ń jáde sínú oúnjẹ láti ara ìkòkò tí wọ́n fi àwókù alumíníọ̀mù dà ní Kamẹrúùnù, ẹni tí ń kó àwókù jọ lẹ́yìnkùlé kò sì lè fi ojú mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ da ère, ẹ da ọwọ́ ìlẹ̀kùn, ẹ da ohun èlò ẹ̀rọ. Ẹ má da ìkòkò ọbẹ̀.