Ariwo Inú Rédíò Bàálù Kékeré

Ariwo inú rédíò bàálù ni gbogbo híhó, súfèé, kíkùn àti títa pàrà-pàrà tí ó máa ń da ohùn ènìyàn rú létí awakọ̀ òfuurufú, títí tí kò fi ní mọ̀ bóyá àwọn tí ń bẹ nílé ìṣọ́ pápákọ̀ ní kí ó máa bọ̀ wá balẹ̀ ni, tàbí wọ́n ní kí ó ṣì máa rábàbà lókè. Inú bàálù kékeré ni ìyọnu yìí ti wọ́pọ̀ jù, irú Cessna 172, ẹyẹ irin tí kì í jẹ ọkà, epo ni ó ń mu, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1955, tí a kò sì tí ì ṣe bàálù mìíràn tí ó pọ̀ tó o láyé. Nítorí pé nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì, rédíò, iná àti wáyà gbogbo ń gbé pọ̀ bí orogún nínú yàrá kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀kan bá sọ, dandan ni kí èkejì gbọ́.

Àwọn awakọ̀ a máa di ẹ̀bi náà ru rédíò, wọn a sì yọ èyí tí kò ṣẹ̀ tí kò rò jù sílẹ̀, wọn a ra tuntun. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ọ̀nà AM ni ohùn inú rédíò bàálù ń gbà, láàrin MHz 118 sí 137: bí agbára ìgbì rédíò ṣe ń ròkè tí ó ń rodò ni rédíò fi ń mọ ohun tí ẹnu ń sọ. Níwọ̀n bí ó sì ti jẹ́ pé iná èyíkéyìí tí ó bá ta pàrà nítòsí a máa yí agbára ìgbì náà padà bákan náà, rédíò kò ní ọgbọ́n tí yóò fi mọ ohùn ènìyàn yàtọ̀ sí ìró iná. FM tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò fi ń kọrin fún wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n AM náà ní èrè tirẹ̀: bí ènìyàn méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí FM, ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ ni yóò gbé ohùn ẹnì kejì mì, nígbà tí ó jẹ́ pé lórí AM a ó ṣì gbọ́ pé ẹlòmíràn ń pè.

Àgbà ọ̀daràn nínú àwọn tí ń pariwo ni magneto, ẹ̀rọ tí ń ṣe iná fún púlọ́ọ̀gì. Méjì ni ó wà lára ẹ́ńjìnnì, ariwo rẹ̀ a sì máa ró tá-tá-tá, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára ni òun náà ń yára. Ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì ni a sì fi ń mọ ìka náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,700 ní ìṣẹ́jú kan, bí awakọ̀ ṣe máa ń dán magneto wò kí ó tó gbéra, kí ó yí kọ́kọ́rọ́ sí R, kí ó tẹ́tí. Kí ó dá a padà, kí ó yí i sí L, kí ó tún tẹ́tí. Bí ariwo bá dákẹ́ lórí R, níbi tí magneto ọ̀tún nìkan ti ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé magneto òsì ni ó ń pariwo. Lẹ́yìn èyí ni a ó yẹ wáyà púlọ́ọ̀gì wò, àti wáyà tín-ín-rín tí ó ti ara magneto lọ sí ìdí kọ́kọ́rọ́, nítorí irin híhun tí a fi wé wọn lára ni ó ń ká ariwo mọ́lé. Ẹ ṣọ́ra o: wáyà tín-ín-rín yẹn gan-an ni ó ń pa magneto. Ẹni tí ó bá tú u ti sọ magneto di ààyè, bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà lápò rẹ̀, bí ó bá sì ti abẹ̀bẹ̀ iwájú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè dìde lójijì, kí ó ṣá a.

Súfèé ni ti alternator, ẹ̀rọ tí ń ṣe iná fún bàálù, kì í ta. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára ni ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Súwíìsì pupa kan wà nínú Cessna 172 tí a là sí méjì, ALT ní òsì, BAT ní ọ̀tún. Bí awakọ̀ bá pa ALT fún ìgbà díẹ̀ tí súfèé náà sì dákẹ́, ẹjọ́ ti parí: ó lè jẹ́ diode kan ni ó kú, tàbí kàpásítọ̀ tí ń sẹ́ iná náà ni ó rẹ̀. Iná tí ń ṣẹ́jú lórí ìyẹ́ náà ní súfèé tirẹ̀, tí ń ròkè díẹ̀díẹ̀ títí iná yóò fi bù yẹ̀rì, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Lóde òní ṣá, kí n tó tú ìdè kan ṣoṣo lára ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni, ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú ni n ó kọ́kọ́ fà yọ, nítorí òun náà a máa pariwo.

Bí etí kò bá dá ariwo mọ̀, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a tan rédíò lórí bátìrì nìkan, kí a wá máa tan ohun yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tú wáyà ẹ́ríà lẹ́yìn rédíò tí ariwo sì dákẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó gbà wọlé. Bí kò bá dákẹ́, wáyà ni ó tọ̀ wá. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ bọ́tìnnì sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ́ríà kò sí níbẹ̀, kí rédíò má baà bàjẹ́. Èyí tí ó bá tọ wáyà wá, áàtì, ibi tí wáyà ti fara kan irin bàálù, ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ihò tí a ń ki agbọ́hùn etí bọ̀ kò gbọdọ̀ fara kan irin bàálù rárá, nítorí náà ni a ṣe ń fi wọ́ṣà tí kì í gbé iná sí i ní iwájú àti ẹ̀yìn. Mo sì gbà pé wọ́ṣà kékeré yìí, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra fìlítà tí wọn kò nílò.

Ariwo kan kù tí kì í ṣe ẹ̀rọ kankan ni ó bí i. Bí bàálù bá ń gba inú òjò, yìnyín gbígbẹ tàbí eruku kọjá, iná a máa gbá jọ sí i lára, a sì máa fò kúrò ní ṣóńṣó ìyẹ́ àti ìrù, tí yóò máa hó létí awakọ̀ bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ní Sáríà, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1964, mọ eruku ọyẹ́ bí ẹní mowó. Àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a máa ń rí létí ẹ̀yìn ìyẹ́ bàálù mìíràn ni ó ń rọra tú iná náà dànù, okùn irin tí a sì so mọ́ àwọn ibi tí ń mì lára ìyẹ́ kò ní jẹ́ kí ó máa ta láàrin wọn. A kì í bá irú ariwo yìí lórí ilẹ̀. Bí bàálù bá sì ti bọ́ nínú eruku náà, òun fúnra rẹ̀ a dákẹ́.