Eré Orí Ìtàgé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe òṣèré inú fíìmù ní “òṣèré orí ìtàgé”. Àṣìlò ni, ó sì ń dùn mí. Eré, orí, ìtàgé: eré tí a ń ṣe lójúkojú lórí pèpéle ni, tí òṣèré àti òǹwòran jọ wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni Ọba Kò So, tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo lọ́dún 1963. Orin, ìlù àti ijó ló gbé ìtàn náà. Bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà nìyí: “Àná ni mo kọ́kọ́ wo eré orí ìtàgé, mo rí òógùn lójú akọrin.” Eré onítàn yàtọ̀: ó lè wà nínú ìwé lásán. Èyí tí a bá fi kámẹ́rà ká sílẹ̀, fíìmù ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é bẹ́ẹ̀.