Àlùbọ́sà Eléwé àti Ọ̀nà Tí Wọ́n Dí

Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀fọ́ ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtàn ni pẹ̀lú.

Ewébẹ̀ kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní leek. Ọmọ ìyá àlùbọ́sà ni. Ìdí rẹ̀ funfun, ewé rẹ̀ sì fẹ̀ pẹrẹsẹ. Yorùbá kò ní orúkọ tirẹ̀ fún un. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa ni àlùbọ́sà eléwé tí a máa ń rí ní dídì lórí àtẹ, tí a ń rẹ́ sínú ìrẹsì díndín. Àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ àyálò ni. Albasa ni Haúsá ń pè é, àwọn náà sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá tí ó ń pè é ní al-basal. Mùsùlùmí tí ó bá ka Súrà kejì nínú Àlùkùránì, áyà 61, yóò bá a pàdé níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń ráhùn oúnjẹ sí Mósè. Onígbàgbọ́ yóò rí irú ìráhùn kan náà nínú ìwé Númérì, orí 11, ẹsẹ 5: wọ́n ń ṣàárò ẹja Íjíbítì, àti leek, àti àlùbọ́sà. (Ará Ẹ̀pẹ́ tí kì í jẹun láìsí ẹja yóò mọ ohun tí ó ń dùn wọ́n.)

Ọ̀nà Àríwá tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé, ibẹ̀ náà ni ẹrù rẹ̀ ń gbà wá títí di òní. Àlùbọ́sà rogodo fẹ́ kí ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà tí ó bá ń gbó. Ní Sokoto, Kebbi àti Kano, wọ́n a máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn a sì bá wọn sá a gbẹ. Ọjà Aliero ní Kebbi gbajúmọ̀ fún un. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí ó wà létí ọ̀sà, òjò pọ̀, ọ̀rinrin sì pọ̀. Rogodo a máa rà. Ewé ni ìpín tiwa.

Ilẹ̀ ákùrọ̀, ilẹ̀ dúdú etí odò tí kì í gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ó dára fún un, níbi tí ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ti ń ṣe dáadáa. A ó kọ ebè pẹrẹsẹ, a ó gbé e sókè kí omi má baà rogún sí ìdí rẹ̀, a ó sì po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà mọ́ ọn. A lè fọ́n irúgbìn, ṣùgbọ́n èyí tí ó yá jù ni kí a ya ọmọ lára ìdí àgbà, kí a gé gbòǹgbò rẹ̀ kù díẹ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀. Omi àárọ̀, omi ìrọ̀lẹ́. Koríko ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò lè ṣíji bo ilẹ̀. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta ni ó ń tó kórè. Ẹni tí ó fẹ́ ta á a fà á tu; ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ pẹ́ a fi ọ̀bẹ gé e, a fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì tún hù. Leek gan-an a máa tó oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, a sì ní láti máa wa yẹ̀pẹ̀ bo ìdí rẹ̀ kí ibẹ̀ lè funfun. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi ṣe wàhálà yẹn nígbà tí eléwé wà.

Kí ni èyí kan ìtàn? Èkó kò fi ìgbà kan dá bọ́ ara rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó oúnjẹ wá fún un láti Ìkòròdú, Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe ibùdó títí di 1862, ibẹ̀ sì di èbúté tí ó ń bá Èkó du ọjà. Ní 1865 àwọn Ẹ̀gbá ká Ìkòròdú mọ́ nítorí òwò tí ó ń bá Ìbàdàn ṣe, kí ọmọ ogun Glover tó tú wọn ká ní oṣù Kẹta. Ní 1892 ẹ̀wẹ̀, nítorí pé Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ òwò Èkó, Gómìnà Carter rán ọmọ ogun gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rìn lọ jà ní Ìmàgbọn, tí wọ́n sì gba Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù Karùn-ún.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà dídí ti bá ayé ìgbà náà lọ, kí ó rántí 2021. Lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn ní oṣù Kejì, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Àríwá dá ọkọ̀ ẹrù dúró, oúnjẹ kò wá sí Gúúsù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Owó àlùbọ́sà fò sókè ní Èkó. Ẹ sì wò ó, ojú ọ̀nà Ìkòròdú gan-an ni ọjà Mile 12 wà.

N kò sọ pé ewé inú ákùrọ̀ lè dípò tírélà àlùbọ́sà. Kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ebè mẹ́ta lẹ́yìnkùlé ní Odògùnyàn tàbí Agbówá kò ní se ọbẹ̀ aláìlóòórùn lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ilẹ̀ ákùrọ̀ náà ni wọ́n ń da yanrìn sí, tí wọ́n ń gé sí púlọ́ọ̀tì. Láti ìgbà tí ilé ìfọpo Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ní 2024, àwọn oníbàárà ilẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sinmi.

Ẹni tí kò bá tíì ta tirẹ̀, ìparí òjò ni kí ó gbìn ín, kí ọyẹ́ tó dé.